Ìdá àti Ìpín nínú Ìṣirò Àwọn Ọmọ Wa

Oríkì, ìtàn àti àṣà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ẹgbẹ́ yìí ń pè láti bá a sọ̀rọ̀ máa ń mú wá, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí a gbé wá síwájú yín lónìí kéré lójú. Ìdá ni, èyí tí àwọn ọmọ wa ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́ta, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, àti bí a ti ń pa wọ́n pọ̀, tí a sì ń yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò máa wí nínú ọkàn wọn pé, kí ni ti àgbà nínú ìṣirò ọmọdé? Ẹ ní sùúrù fún wa díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ogún ń bẹ nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sì ń bẹ nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ara iṣẹ́ wa ni láti máa lọ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn olùkọ́ tí a ń kọ́ ti ń fi iṣẹ́ dánra wò. Ibi tí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ti ń yọ̀ jùlọ nínú ìṣirò ni ibi ìdá yìí. Ẹ kọ 1/2 + 1/3 sórí pátákó, kí ẹ ní kí kíláàsì kẹrin tàbí ìkarùn-ún ṣe é. Ẹ ó rí ọmọ púpọ̀ tí yóò kọ 2/5. Wọ́n pa ti òkè pọ̀ mọ́ ti òkè, wọ́n pa ti ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀, ó sì tán. Kì í ṣe pé wọ́n ṣì í ni ó dùn wá, nítorí kò sí ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ láìṣì í. Ohun tí ó dùn wá ni pé ẹnu kò ya ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ìdajì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi nǹkan kún un, ohun tí ó sì kù sí wọn lọ́wọ́ kò tó ìdajì mọ́! Bí ìyá bá fún ọmọ yìí kan náà ní ìdajì iṣu, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì bù fún un lára tirẹ̀, tí ẹnìkan wá wí fún un pé iṣu rẹ̀ ti dín kù, igbe ni yóò ké. Nítorí náà ọmọ náà kì í ṣe òmùgọ̀. Kò mọ̀ ni pé ohun tí ó wà lórí pátákó àti iṣu tí ó wà nínú àwo jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún un.

Ẹ jẹ́ kí a mú un lọ sí oko. Ebè méjìlá ni ó wà níwájú rẹ̀. Kí ó ka ìdajì rẹ̀, mẹ́fà ni yóò bá. Kí ó ka ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, mẹ́rin ni yóò bá. Mẹ́fà àti mẹ́rin di mẹ́wàá, mẹ́wàá nínú méjìlá, èyí tí í ṣe 5/6. Èéṣe tí a fi mú méjìlá, tí a kò mú mẹ́wàá? Nítorí pé a lè pín méjìlá sí méjì, a sì lè pín in sí mẹ́ta, láìsí ebè kankan tí a ó là. Gbogbo ìtumọ̀ ohun tí àwọn olùkọ́ ń pè ní mímú ìsàlẹ̀ bá ara wọn dọ́gba kò ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n bí ọfọ̀ ni a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní òfin náà, wọ́n ń pè é, wọn kò sì mọ ohun tí wọ́n ń pè.

Àwọn kan a máa wí pé èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Ìdajì ń bẹ, ìlàjì ń bẹ, ààbọ̀ ń bẹ, odidi ń bẹ. Àwọn baba wa ni ó wí pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Ìṣirò ni wọ́n fi pa òwe náà. Gbogbo ìjọ ni ó mọ ìdámẹ́wàá, pàápàá jùlọ àwọn tí kì í san án. Àwọn ará wa Mùsùlùmí mọ̀ pé ìdá kan nínú ogójì ni a ń yọ nínú owó fún sàká. Nínú oǹkà wa gan-an ni ìdajì ti fara pamọ́. Kí ni àádọ́ta? Ogún mẹ́ta tí a yọ ẹ̀wá kúrò nínú rẹ̀ ni. Ẹ̀wá sì ni ìdajì ogún. Kí ni ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta? Igba mẹ́ta tí a yọ ọgọ́rùn-ún kúrò nínú rẹ̀ ni. Ọgọ́rùn-ún sì ni ìdajì igba. Ẹni tí ó ń ka owó ẹyọ láyé àtijọ́, tí ó ń sin ogójì sí okùn kan, tí ó ń kó àádọ́ta okùn jọ láti di ẹgbàá, tí ó sì ń kó ẹgbàá mẹ́wàá sínú ọ̀kẹ́ kan, ojoojúmọ́ ni ó ń yọ ìdajì, tí ó sì ń fi ìdajì kún un, láìkọ ohunkóhun sílẹ̀.

Síbẹ̀ ibi méjì wà tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra nínú èdè wa. Èkínní ni pé bí a bá wí pé “ìdá mẹ́ta”, ó lè jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ni a ní lọ́kàn, ó sì lè jẹ́ ìpín mẹ́ta. Àgbà mọ èyí tí a ń wí nípa ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká. Ọmọdé kò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà ni a ṣe ń tẹnu mọ́ ọn fún àwọn olùkọ́ wa pé kí wọ́n máa sọ ọ́ ní kíkún: ìdá kan nínú mẹ́ta, ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ kékeré nì, “nínú”, ni ó gbé gbogbo ẹrù náà, nítorí òun ni ó ń rán ọmọ létí pé odidi kan wà tí a ti mú ìpín náà jáde. Ọmọ tí ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ kò rí irú ìrànlọ́wọ́ yìí, nítorí orúkọ kan náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ẹni kẹta lórí ìlà àti ìdá kan nínú mẹ́ta.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ náà, “pín”. A lè pín ẹran fún ènìyàn mẹ́ta kí ti ẹ̀gbọ́n tóbi ju ti àbúrò lọ, kò sí ẹni tí yóò wí pé a kò pín in. Ìdá kò gba bẹ́ẹ̀. Ọgbọọgba ni gbogbo ìpín rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́. Àwọn olùkọ́ kan fẹ́ràn láti máa fi obì àbàtà olójú mẹ́rin kọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Ó dára, ó sì dùn mọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń pa obì mọ̀ pé awẹ́ rẹ̀ kì í sábà dọ́gba, ọwọ́ ọmọ a sì máa yá sí èyí tí ó tóbi. A lè fi obì kọ́ kíka ìpín. Nígbà tí ó bá di ọ̀rọ̀ ọgbọọgba, okùn, omi inú agolo tàbí ìwé tí a ṣẹ́ po ni kí á lò.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ná owó ṣílè ní ohun kan tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò ní. Kọ́bọ̀ méjìlá ni ó wà nínú ṣílè kan. Sísì jẹ́ ìdajì rẹ̀, tọ́rọ́ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, kọ́bọ̀ mẹ́rin jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta. Ọmọ tí a rán lọ ra epo ti mọ ìdá ní ọjà kí olùkọ́ tó ṣí ẹnu. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni náírà gba ipò owó náà, ọgọ́rùn-ún kọ́bọ̀ sí náírà kan. Owó náà rọrùn láti kà, a kò sì sọ pé kí á padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún kò ṣeé pín sí mẹ́ta láìṣẹ́ kù, àti pé nísinsìnyí kọ́bọ̀ kò sí lọ́jà mọ́ rárá. Ọmọ ọdún mẹ́wàá òní kò tíì fi ọwọ́ kan owó tí ó jẹ́ ìdajì náírà rí. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó kù tí yóò fi ohun tí ó ṣeé dì mú sí i lọ́wọ́, ilé-ẹ̀kọ́ sì ń fún un ní ṣọ́ọ̀kì àti òfin.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ọ̀rọ̀ ogún, nítorí níwájú ẹ̀yin olóyè ni wọ́n ń gbé e wá. Ọ̀nà méjì ni ilẹ̀ wa mọ̀: ìdí-igi, tí a ń fi iye aya tí ó bímọ pín ogún, àti orí-ò-jorí, tí a ń fi iye ọmọ pín in. Ní ọdún 1940 ọkùnrin kan kú ní Èkó, ó fi aya mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́ tí gbogbo amòfin mọ̀ sí ẹjọ́ Dawodu àti Danmole. Adájọ́ tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ fẹ́ kí a pín in ní orí-ò-jorí. Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù ú lọ yí i padà ní ọdún 1958, ó ní ìdí-igi ni òfin ilẹ̀ Yorùbá, àfi bí ìjà bá dé tí olórí ẹbí sì rí i pé orí-ò-jorí ni ó yẹ. Ìgbìmọ̀ Privy Council ní London fọwọ́ sí ìdájọ́ náà ní ọdún 1962. A kò wá sọ èyí tí ó dára jù. Ohun tí a ń bi yín ni pé, nínú àwọn ọmọ ilé kan tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá kàn, mélòó ni ó lè jókòó kí ó ṣírò ohun tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan yóò fún òun?

Ẹ jẹ́ kí a gbìyànjú rẹ̀. Ká sọ pé 144 igi kòkó ni ogún náà, pé ìyáálé bí ọmọ mẹ́rin, ìyàwó kejì bí méjì, ìkẹta bí méjì, ìkẹrin bí ẹyọ kan. Ní orí-ò-jorí, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ni ti ọmọ kọ̀ọ̀kan, igi 16. Ní ìdí-igi, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ti ojúlé aya kọ̀ọ̀kan, igi 36. Àwọn ọmọ ìyáálé yóò wá pín ìdá kan nínú mẹ́rin náà sí mẹ́rin: 1/16 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, igi 9. Àwọn ọmọ ìyàwó kejì àti ìkẹta yóò gba 1/8, igi 18. Ọmọ kan ṣoṣo ti ìkẹrin yóò gba gbogbo 36. Ẹ wò ó bí ìdá ti ń bí ìdá. Ẹ sì wò ó bí ọmọ tí ó rò pé 1/16 ju 1/9 lọ, nítorí pé 16 ju 9 lọ, yóò ti máa jó lọ sílé pẹ̀lú igi 9 dípò 16. Àṣìṣe yìí gan-an ni a ń bá nínú ìwé àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin lójoojúmọ́: bí ìsàlẹ̀ bá ti tóbi, wọ́n rò pé ìpín ni ó tóbi. Nínú òfin Mùsùlùmí ẹ̀wẹ̀, bí ọkọ bá fi ọmọ sílẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti àwọn aya, bí wọ́n bá sì jẹ́ mẹ́rin wọn yóò pín ìdá kan nínú mẹ́jọ náà láàárín ara wọn, 1/32 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn alfa tí ó mọ iṣẹ́ yìí dájú jẹ́ ọ̀mọ̀wé ìṣirò, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ìlà tí a ń fà láàárín nọ́ńbà òkè àti nọ́ńbà ìsàlẹ̀ pàápàá kò ti Lọ́ńdọ̀nù wá. Ọmọ ilẹ̀ Mòrókò kan, al-Hassar, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn, ni ẹni tí a kọ́kọ́ rí ìlà náà nínú ìwé rẹ̀. Ní Íjíbítì ìgbà àwọn Fáráò, iṣẹ́ tí àwọn akọ̀wé ń ṣe nínú ìwé ìṣirò wọn ni bí a ti ń pín ìṣù àkàrà fún ọkùnrin mẹ́wàá. Ilẹ̀ Áfíríkà ni a wà nígbà tí a bá ń ṣe ìdá, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wá kù. Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa a ń ta ilẹ̀ ní púlọ́ọ̀tì, ẹsẹ̀ bàtà 50 ní ìbú àti 100 ní gígùn. Ẹnìkan fẹ́ ra ìlàjì. Ẹni tí ń ta á wí pé, “Kò burú, a ó gé ìbú sí ìlàjì, a ó sì gé gígùn sí ìlàjì.” Ó dùn létí, ó dàbí òdodo. Ó wọn 25 ní ìbú àti 50 ní gígùn fún un. Odidi púlọ́ọ̀tì jẹ́ 5,000 ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóròó. Èyí tí ó gbà jẹ́ 1,250. Ìdajì ti ìdajì ni, ìdá kan nínú mẹ́rin, ó sì ti san owó ìdajì. Nínú kíláàsì, 1/2 × 1/2 = 1/4 a máa rú àwọn ọmọ lójú, wọ́n ní kí ni ìdí rẹ̀ tí ìlọ́po fi dín nǹkan kù. Ẹ fa àwòrán púlọ́ọ̀tì sórí ilẹ̀ fún wọn, kí wọ́n gé e lẹ́ẹ̀kan ní ìbú àti lẹ́ẹ̀kan ní gígùn, kí wọ́n sì ka àwọn igun tí ó jáde. Wọn kì yóò tún bèèrè mọ́.

Bí ẹnìkan bá bi wá pé báwo ni ìdánrawò náà ṣe yẹ kí ó rí, a ó wí pé díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní òwúrọ̀ sàn ju àádọ́ta ìṣirò tí a kó lé ọmọ lórí ní ọjọ́ Ẹtì lọ. Kí wọ́n ṣẹ́ ìwé po sí méjì, sí mẹ́rin, sí mẹ́jọ; kí wọ́n gbìyànjú mẹ́ta pẹ̀lú, èyí tí ó le, kí olùkọ́ má ṣe sáré ràn wọ́n lọ́wọ́. Kí a na okùn láti ìṣó kan dé èkejì, kí a kọ òdo sí ìpẹ̀kun kan àti ẹyọ kan sí èkejì, kí a sì ní kí ọmọ lọ so aṣọ pupa mọ́ ibi tí 3/4 wà, kí ẹlòmíràn so mọ́ ibi tí 2/3 wà. Àríyànjiyàn tí yóò bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ju ìwé ogún ojú ewé lọ. Ẹ mú òwú àti téèpù aránṣọ wá: bí fìlà kan bá gba 3/4 ọ̀pá, fìlà mélòó ni yóò jáde nínú ọ̀pá mẹ́ta? Mẹ́rin ni. Ọmọ yóò gé e, yóò sì rí i, ṣáájú ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni yóò tó wí fún un pé kí ó dojú ìdá bolẹ̀ kí ó sì sọ ọ́ di ìlọ́po.

Ju gbogbo wọn lọ, ìbéèrè kan wà tí a fẹ́ kí olùkọ́ máa bèèrè kí ọmọ tó fi ọwọ́ kan ìwé: “Ó ju ìdajì lọ ni, tàbí kò tó o?” “Ó ju odidi kan lọ ni, tàbí kò tó o?” Ọmọ tí a bá ti bi léèrè báyìí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò lè kọ 2/5 sílẹ̀ mọ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

A kò lè parí láìfẹnu kan ọ̀rọ̀ èdè tí a ó fi kọ́ ọ. Ní ọdún 1970 Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan, nínú èyí tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ohun gbogbo, ìṣirò pẹ̀lú, fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ yòókù. Ìròyìn tí wọ́n mú wá ni pé àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn, àní wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní ọdún 2025 ìjọba àpapọ̀ kan náà fagi lé e, ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Lójú wa, ìgbésẹ̀ náà kò dára, a sì wí i ní gbangba. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó sọ pé kí bàbá má ṣe fi Yorùbá bi ọmọ rẹ̀ léèrè nídìí oúnjẹ alẹ́, kò sì sí èyí tí ó dí ẹgbẹ́ yìí lọ́wọ́ láti máa tẹ ìbéèrè mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀ lóṣooṣù. Ohun tí a wá tọrọ lọ́wọ́ yín nìyẹn. Àwọn olùkọ́ tí a ń kọ́ yóò máa kọ wọ́n. A ó máa yẹ̀ wọ́n wò kí wọ́n tó dé ọwọ́ akọ̀wé yín.

Àwọn ti oṣù yìí nìwọ̀nyí. Bàbá kan gbin iṣu sí ìdajì oko rẹ̀, ó gbin àgbàdo sí ìdá kan nínú mẹ́rin, ó gbin ẹ̀gẹ́ sí ìdá kan nínú mẹ́fà, ó sì fi ìyókù fún aya rẹ̀ láti gbin ilá; ìdá mélòó ni ti ilá? Aṣọ ọ̀pá márùn-ún wà nílẹ̀, bùbá ọmọdé kan sì gba ọ̀pá kan àti ìdá kan nínú mẹ́rin. Bùbá mélòó ni yóò jáde? Ìkẹta, tí ẹ̀yin olóyè pàápàá lè gbìyànjú: ẹnìkan gé ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò ní gígùn ilẹ̀ rẹ̀, ó gé ìdajì kúrò ní ìbú, ìdá mélòó nínú ilẹ̀ náà ni ó kù sí i lọ́wọ́? Ẹ bi àwọn ọmọ yín ní alẹ́ òní, ẹ jẹ́ kí wọ́n yàwòrán rẹ̀ sórí ilẹ̀, ẹ má sì ṣe sọ èsì fún wọn kí wọ́n tó wí bóyá ó ju ìdajì lọ tàbí kò tó o.